Àlọ́ Kan fún Ata, Àlọ́ Kan fún Àrá

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Akofodjoulè. Ẹ kú alẹ́, gbogbo ilé tó wà láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà, láti Tré dé Lèma, láti Kèrè dé Gbaffo, títí kan Soclogbo àti Paouignan. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú àbọ̀ oko. Ẹ̀yin ìyá wa tí ìkòkò ṣì wà lórí iná, ẹ kú iṣẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi mú yín gbàgbé ọbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé tó yẹ kí ẹ ti sùn, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Ààlọ́ o!

Mo mọ̀ pé ẹ ti dáhùn, bí etí mi kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì nìyẹn.

Lálẹ́ òní, a fẹ́ fi ìmọ̀ ayé ṣeré: oúnjẹ, àṣà àwọn ará ọ̀nà jíjìn, àti iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n mi ò ní bi yín léèrè orúkọ olú-ìlú Mongolia. Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ á dìde, á ka olú-ìlú ogún orílẹ̀-èdè láìmí, àwọn òbí á pàtẹ́wọ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ yẹn pé kí ló dé tí adìyẹ ìyá rẹ̀ ń ṣa ata jẹ lẹ́yìnkùlé tí omi ò sì dà lójú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé. Èmi fẹ́ràn àlọ́ ju ìdíje yẹn lọ. Àlọ́ kì í sọ orúkọ nǹkan fún ọ. Ìṣe rẹ̀ ló máa sọ, á wá fi ọ́ sílẹ̀ pé kí o fi ojú ara rẹ wá a rí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wá nínú àlọ́, iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ní ṣòro fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi adìyẹ yẹn bẹ̀rẹ̀. Àlọ́ mi rèé: ọmọ kékeré aláṣọ pupa na bàbá onírùngbọ̀n, bàbá sunkún. Ó na sójà, sójà ń fa ikun. Adìyẹ gbé e mì, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Kí ni o?

Ata ni.

Èròjà kan ló ń ta wá nínú ata, capsaicin lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé kì í jó ẹnu rárá. Ẹ̀tàn gbáà ni. Ahọ́n wa ní ohun kan lára tó jẹ́ pé bí omi gbígbóná bá kàn án, òun ló ń ké sí ọpọlọ pé iná dé. Capsaicin ló ń tọ́ ọ kó ké nígbà tí iná kankan kò sí. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, David Julius, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló rí i ní 1997, capsaicin ni wọ́n sì fi wá a rí. Ní 2021, wọ́n fún òun àti Ardem Patapoutian ní ẹ̀bùn Nobel lórí bí ara ṣe ń mọ ooru àti ìfọwọ́kàn. Ẹ má sọ fún ìyá aláta yín o, kó má baà fowó kún ọjà.

Adìyẹ náà ní irú ohun bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, ó sì ń mọ omi gbígbóná, ṣùgbọ́n capsaicin kò rí tirẹ̀ tọ́. Gbogbo ẹyẹ ló rí bẹ́ẹ̀. Ta ló wá jèrè rẹ̀? Ata fúnra rẹ̀ ni. Ẹyẹ kò léyín. Ó gbé kóró ata mì ní odidi, ó fò lọ síbi tó jìnnà, ó yàgbẹ́ sílẹ̀, kóró hù. Eku ní tirẹ̀ á rún kóró náà pa. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Tewksbury àti Nabhan, dán an wò ní ìpínlẹ̀ Arizona, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ìròyìn Nature ní 2001. Àwọn eku kò fẹnu kan ata tó ń ta. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní irú èyí tí kò ta, wọ́n jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí kóró kan tó hù nínú ìgbẹ́ wọn. Èyí tó gba inú ẹyẹ kọjá hù dáadáa. Ata mọ ẹni tó ń gbé ọmọ rẹ̀ rìnrìn-àjò, ó sì mọ ẹni tó ń lé sẹ́yìn.

Àjèjì sì ni ata tí à ń wí yìí. Kí Columbus tó dé Amẹ́ríkà ní 1492, kò sí i nílẹ̀ Áfíríkà, kò sí i ní Íńdíà, kò sí i ní Ṣáínà. Iyèré àti ataare làwọn baba ńlá wa fi ń mú ọbẹ̀ ta. Bí ata bá sì ta yín jù, omi kò lè gbà yín, nítorí capsaicin kì í fẹ́ẹ́ yòrò nínú omi. Ẹ wá wàrà mu, ohun tó wà nínú wàrà ló ń gbé e kúrò lórí ahọ́n.

Ata kò dá jẹ, ẹ jẹ́ ká wá iyán sí i. Ààlọ́ o! Mo gé orí ọ̀rẹ́ mi, mo sin ín. Òjò kan, òjò méjì, ó na apá sókè, ó rọ̀ mọ́ igi. Nígbà tí mo padà lọ wú u, ara tuntun ló ní.

Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ṣì ń ro yín nítorí ebè kíkọ ti mọ̀ ọ́n kí n tó panu dé. Iṣu ni. Ẹ sì wo ohun tí àlọ́ yẹn ń sọ. A kì í gbin èso iṣu, ara rẹ̀ la ń gé gbìn. Nítorí náà, làbókò tó wà lóko yín lónìí kì í ṣe ọmọ làbókò tí baba baba yín gbìn. Làbókò yẹn gan-an ni, ara kan náà tó ń tọwọ́ dé ọwọ́, tí kò tíì kú láti ìgbà náà. Níbo ló wá ti bẹ̀rẹ̀?

Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan kọ èsì iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé Science Advances. Ọ̀mọ̀wé Nora Scarcelli ló ṣíwájú wọn. Wọ́n kó iṣu oko àti iṣu igbó tó lé ní 160 jọ, wọ́n wo ohun àjogúnbá tó wà nínú ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé inú igbó dídí ni iṣu wa ti wá, kì í ṣe pápá bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò, àti pé àgbègbè odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Ẹ gbé máàpù, ẹ fa ìka yín láti Gánà lọ sí Nàìjíríà, ẹ wò ó bí ìka náà kò bá ní gba orí wa kọjá. À ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́ pé apá ìwọ̀-oòrùn Éṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin àlìkámà. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi èyí náà kún un, ó kàn wá ju àlìkámà lọ.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò sì tíì parí. Roland Dumont àti Philippe Vernier kọ̀wé ní 2000 nípa àwọn àgbẹ̀ Bàrìbá níhìn-ín ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn tó ń wú iṣu igbó wá sóko, tí wọ́n ń gbìn ín lọ́dún mélòó kan, tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ títí yóò fi gba ẹ̀kọ́, tí yóò di iṣu jíjẹ. Ọ̀mọ̀wé pátápátá ni mo ka irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí, bí kò tilẹ̀ mọ̀wé.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni iṣu ń pa bí ọtí. Àwa ní ọdún iṣu, àwọn ará Savalou tó múlé tì wá ń ṣe tiwọn ní 15 oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n lọ́nà jíjìn réré, ní erékùṣù Trobriand ní Papua New Guinea, iṣu ni ìwé ẹ̀rí pé ènìyàn jẹ́ ọkùnrin. Bronisław Malinowski gbé láàárín wọn nígbà ogun àgbáyé kìíní, ó sì kọ ìwé ńlá jáde lórí oko wọn ní 1935. Ọkùnrin Trobriand á ṣiṣẹ́ àṣelàágùn lóko, á wá kó iṣu tó dára jù lọ fún ọkọ arábìnrin rẹ̀! Ẹ̀yin àna, ẹ gbọ́ ṣé? Wọ́n á kó o jọ gègèrè níta kí gbogbo ayé wò ó, lẹ́yìn náà wọ́n á kó o sínú àká tí wọ́n fi ọ̀nà àti ọ̀dà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n máa ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín igi àká náà, kí ẹni tó ń kọjá lè rí iye iṣu tó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹrà síbẹ̀, kò sí aburú, ó fi hàn pé jíjẹ àti mímu kò wọ́n onílé. Èyí ni mi ò lè fara mọ́. Iṣu jẹrà, kí á máa yangàn! Ní orílẹ̀-èdè Papua kan náà, àwọn Abelam ń gbin irú iṣu kan tó lè gùn ju ènìyàn lọ. Wọ́n á fi agọ̀ bo orí rẹ̀, wọ́n á fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á gbé e jáde bí ẹni gbé eégún.

Ti Usain Bolt, eléré ìje nì, wá ńkọ́? Ọmọ Trelawny ni, ní Jàmáíkà, níbi tí iṣu ti jẹ́ oúnjẹ ilé, irú iṣu tó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti apá ọ̀dọ̀ wa débẹ̀. Nígbà tó sáré 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.69 ní Beijing ní 2008, bàbá rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé iṣu Trelawny ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ní àlàyé mìíràn. Èmi wà lẹ́yìn bàbá.

Ó dáa. A ti wà lóko, a ò tíì kúrò ńbẹ̀. Ààlọ́ o! Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tán, mo gbé ọkọ́ lọ sóko, mo bá òkúta kan tó dán, tó mú lẹ́nu bí àáké. Kò sí ẹni tó wá sóko lánàá. Ta ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀?

Ẹdùn àrá. Gbogbo àgbàlagbà tó ń gbọ́ mi mọ òkúta yìí. Ṣàngó ló jù ú, àwọn Fọ̀n á ní Hẹ̀víósò ni. Ó wà lójúbọ, ó wà nínú ọpọ́n, ọwọ́ tó mọ́ la fi ń mú un. Mi ò wá ba ti ẹnikẹ́ni jẹ́ lálẹ́ òní. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àwọn òyìnbó náà gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Láti ayé àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni wọ́n ti ń pe irú òkúta yìí ní òkúta àrá. Ní Faransé, ní Jámánì, ní Dẹ́nmárkì, àgbẹ̀ tó bá rí i lóko á gbé e sábẹ́ òrùlé tàbí sínú ògiri, kí àrá má baà sán lu ilé. Wọ́n ní àrá kì í sán sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní Japan náà, wọ́n ní láti ojú ọ̀run ló ti ń já bọ́. A kò kọ́ wọn, wọn kò kọ́ wa. Baba wa kò dé Dẹ́nmárkì, ará Dẹ́nmárkì kò dé Ìdáàṣà. Báwo ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe wá bára mu tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ padà sínú àlọ́ náà. Mo ní òjò ti rọ̀ tán. Òjò ńlá tó bá àrá wá ló máa ń ṣan yẹ̀pẹ̀ lọ, ohun tó ti wà nísàlẹ̀ á yọrí. Ẹni tó bá lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ kejì á rí òkúta níbi tí kò sí nǹkan kan lánàá, ariwo àrá sì ṣì wà létí rẹ̀. Ta ni kò ní so méjèèjì pọ̀? Àgbẹ̀ yẹn lo ojú rẹ̀ dáadáa. Ohun tó rí gan-an ló sọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà rò lọ́nà mìíràn nílẹ̀ òyìnbó ni dókítà kan tó ń bójú tó ọgbà ewéko Póòpù ní Vatican, Michele Mercati lorúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe òkúta wọ̀nyí, nígbà tí wọn kò tíì mọ irin. Ó kú ní 1593, ìwé náà kò sì di títẹ̀ jáde títí di 1717, ní Róòmù. Lẹ́yìn náà, ní 1723, Antoine de Jussieu dìde níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris, ó kó òkúta àrá ilẹ̀ Faransé jáde, ó kó àáké olókùúta tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣì ń lò nígbà náà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin ọlọ́gbọ́n ni. Ó fi wọ́n síra, àwọn tó wà níbẹ̀ sì fojú ara wọn wò ó.

Àáké ni, nígbà náà. Àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí ṣáájú ayé irin ló lọ̀ ọ́ mọ́ àpáta títí ẹnu rẹ̀ fi mú, wọ́n fi gé igi, bóyá wọ́n tilẹ̀ fi wú iṣu igbó. Ẹ gbọ́ bí mo ti ń gbà á rò: ẹni tó di ẹdùn àrá mú lójúbọ ti di irinṣẹ́ babańlá kan mú, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti parẹ́ tipẹ́. Bí ó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un, ohun tó yẹ ló ń ṣe.

Ṣé àrá kì í wá dá òkúta rárá? Ẹ má yára. Mànàmáná lè gbóná tó ìwọ̀n 30,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ooru ojú oòrùn. Bó bá wọ inú iyanrìn, iyanrìn á yọ́, á sì dì bíi díńgí tó ní ihò nínú, ó lè gùn ju apá ènìyàn lọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní fulgurite. Ẹni tó ní òkúta kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àrá kò parọ́. Òkúta mìíràn ló mú wá.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gba èyí, ẹ ó lò ó bí òjò bá tún dé. Ìmọ́lẹ̀ mànàmáná ń dé ojú yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìró àrá ló ń fẹsẹ̀ rìn, nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ dúró nígbà tí àrá bá sán. Ẹ fi mẹ́ta pín iye tí ẹ kà, iye kìlómítà tí àrá fi jìnnà sí yín nìyẹn. Ẹ ka mẹ́sàn-án? Kìlómítà mẹ́ta. Bí kíkà yín kò bá tó 30, ẹ wọlé. Ẹ̀yin tó ń da ẹran lórí òkè, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ má sì sá sábẹ́ igi tó dá dúró. Orí òkè wa dùn ún wò, ṣùgbọ́n ohun tó bá ga ni mànàmáná máa ń wá.

A kì í dárúkọ Ṣàngó ká má dárúkọ Ọya. Ààlọ́ o! Ó funfun wọ inú epo, ó pupa jáde. Ó kọjá òkun láìní páásípọ̀tù, ó débẹ̀ tán, ó di oúnjẹ òrìṣà.

Àkàrà ni. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba irú èbúté bí Ọ̀wídà kọjá ló gbé e dé Salvador, ní Bahia ní Bràsíl. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, oúnjẹ Iansã sì ni, ẹni tí àwa ń pè ní Ọya. Ẹ̀wà funfun la fi ń ṣe é, ẹ̀wà tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà bíi tiwa. Àwọn ìyá aláṣọ funfun ló ń dín in nínú epo pupa níwájú títì, wọ́n á la inú rẹ̀, wọ́n á ki edé àti ilá sí i. Tiwọn tóbi ju tiwa lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi. Ní 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyí sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn tó padà wá sílé láti ibẹ̀, àwọn Àgùdà, náà kó oúnjẹ Bràsíl bọ̀: ẹni tó bá lọ sí Àjàṣẹ́ lóṣù kìíní, nígbà ọdún Bonfim, á bá ìkòkò feijoada lórí iná. Oúnjẹ lọ, oúnjẹ bọ̀.

Níwọ̀n bí a ti wà ní Bràsíl, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ mú àlọ́ ìkẹyìn, mi ò sì ní túmọ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní.

Ààlọ́ o! Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń gbé ọmọ sínú. Ìyá kan wà tó gbé ọmọ tirẹ̀ sí ìta, ọmọ náà rọ̀ dirodiro sídìí ìyá rẹ̀. Àwọn Potogí ló fi ọkọ̀ gbé irú wọn kúrò ní Bràsíl. Máńgòrò ni mọ̀lẹ́bí wọn. Ìyá pupa tàbí kó pọ́n bí ìyeyè, omi rẹ̀ dùn, ó ń ká ènìyàn lẹ́nu. Ní Goa, ní Íńdíà, wọ́n ń pọn ọn lọ́tí. Ọmọ tẹ̀ kọrọdọ bí kíndìnrín. Ẹni tó bá fi eyín fọ́ èèpo rẹ̀ ní tútù, ètè rẹ̀ á bó, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé iná ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i. Bí ọyẹ́ bá ti ń lọ, tọmọdé tàgbà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa á nínú oko wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ní kò gbọdọ̀ tún fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ lọ sókè òkun ní tútù, pé ilé ni kí wọ́n ti bó o.

Ẹ̀yin àgbà, mo mọ̀ pé ó ti dé yín lẹ́nu. Ẹ gbé e mì díẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí àbíkẹ́yìn ilé kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàárọ̀ o.